Rímù Camry mẹ́rin pẹ̀lú táyà, láti Òṣogbo dé Àbújá: ta ni kí n gbé e lé lọ́wọ́?

Ọmọ Fọkanáísà (Òṣogbo), alẹ́ ọjọ́ Ajé

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí oorun mi dùn láti ọjọ́ Ẹtì.

Rímù àti táyà ni mò ń tà ní Òṣogbo níbí, lápá Station Road. Bàbá mi ló fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún mi. Fọkanáísà ni wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n omi tí wọ́n ti ń ri túùbù bọ omi láti wá ibi tó ń jò ni mo dàgbà sí, mo sì ti mọ nọ́ńbà ara táyà kà kí n tó mọ ìwé kà já gaara. Nítorí náà, bí ọjà bá kúrò lọ́wọ́ mi tó lọ bà jẹ́ lọ́nà, ọkàn mi kì í balẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti sanwó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Kubwa, l'Ábùújá lọ́hùn-ún, rí àwòrán ọjà mi lórí WhatsApp: álọ́ì rímù Camry 2007, mẹ́rin, ínṣì 16, onínọ́ọ̀tì márùn-ún, táyà 215/60R16 lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ gbogbo kọ̀rọ̀ wọn, wọ́n ń dán gbinrin. A nájà dé ₦340,000, ó sì ti san án tán. Ó ní òun á san ₦40,000 fún owó ọkọ̀, pé ohun tó bá lé lórí ìyẹn, kí n bá òun gbé e. Mo ní kò burú. N kò tíì béèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi mẹ́ta ni mo ti béèrè báyìí.

Mo dé gáráàjì. Wọ́n ní ₦6,000 lórí wíìlì kan, ₦24,000 fún gbogbo rẹ̀. Bí mo bá gbé e wá láàárọ̀, alẹ́ ọjọ́ yẹn ló máa dé. Kò sí ìwé kankan, nọ́ńbà fóònù ni wọ́n máa fún mi.

Mo dé ọ́fíìsì àwọn akẹ́rù kan lọ́nà Gbọ̀ngán. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà bọ̀wọ̀ fún mi gan-an, Ọlọ́run á bù kún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi téèpù wọn páálí tán, ó ní kílò 98 ni, ₦93,100. Kí n tó kúrò nílé ni mo ti gbé wọn sórí òṣùwọ̀n bàbá tó ń ra irin àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: kílò 79 ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo bi í pé níbo ni kílò 19 ti wá. Ó ní bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé e jáde nìyẹn.

Ẹni kẹta ni awakọ̀ tírélà kan tó ń gbé pákó lọ Àbújá. ₦15,000 ló pè é. Ó lè gbéra ní Ọjọ́rú, ó lè di Àbámẹ́ta. Wọ́n á so ó mọ́ orí pákó.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ní 2023, mo fi wíìlì méjì ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Mo ní ṣebí Àkúrẹ́ ò jìnnà. Awakọ̀ tí mo gbé e fún sọ ọ́ kalẹ̀ ní Iléṣà, ó gbé e fún ọkọ̀ míì, kò sì pè mí. Ọjọ́ kẹta ni oníbàárà mi tó fojú kan ẹrù rẹ̀, táyà kan nínú méjèèjì kì í sì í ṣe tèmi mọ́. Mo mọ̀ nítorí pé mo máa ń kọ ọjọ́ orí táyà sínú ìwé kó tó kúrò lọ́wọ́ mi. 3521 ni mo fi ránṣẹ́, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2021. 1114 ló débẹ̀, táyà ọdún 2014 tí ojú rẹ̀ ti pá. Mo san owó táyà yẹn padà. Ohun tó dùn mí ju owó lọ ni pé oníbàárà náà kọ́kọ́ gbà pé èmi ni mo rẹ́ òun jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi irú ẹrù yìí ránṣẹ́ rí, ta lẹ gbé e fún? Kí lẹ sì bi í kí ẹ tó gbé e fún un?

Awakọ̀ Òkèfìà, alẹ́ ọjọ́ Ajé

Àǹtí wa, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Awakọ̀ ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wa bọ́ọ̀sì lọ Àbújá. Sienna ni mò ń wà báyìí, Òṣogbo sí Ìlọrin. Mo mọ bí ohun tó ṣe yín l'Ákùúrẹ́ ṣe máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n là á sílẹ̀ fún yín.

₦6,000 tí wọ́n pè fún yín yẹn, ta lẹ fẹ́ kó o fún? Bó bá jẹ́ ẹni tó ń gba ẹrù sílẹ̀ ní gáráàjì lẹ kó o fún, ó lè jẹ́ ₦2,000 ló máa dé ọwọ́ awakọ̀. Awakọ̀ tó gba ₦2,000 lórí wíìlì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè èèyàn kan, tó wá rí èrò tó ní àpò ìrẹsì méjì ní Iléṣà, wíìlì yín ló máa kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wa kọ́ ni olè, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹrù tí owó rẹ̀ ti tán kó tó gbéra, tí kò sì sẹ́ni tó ń pè lórí rẹ̀, kì í pẹ́ kúrò lọ́kàn ẹni tó ń gbé e. Nítorí náà, awakọ̀ gan-an ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ fún un ní ìdajì lọ́wọ́, kí oníbàárà yín fún un ní ìdajì yòókù nígbà tó bá fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Bí owó bá ń dúró de èèyàn ní Àbújá, kò ní gbàgbé wíìlì sí Iléṣà.

Ẹ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ dé Àbújá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí èrò wọn bá ti dín kù tí wọ́n fi dé Lókòjá, wọ́n á ta ìyókù fún ọkọ̀ míì, wọ́n á sì yí padà sílé. Bí wọ́n bá ta èrò, wọ́n ta wíìlì yín mọ́ ọn nìyẹn. Ẹ tún bi í pé gáráàjì wo ló ń já èrò sí. Jabi, Zuba, Nyanya, gbogbo rẹ̀ la ń pè ní Àbújá ní gáráàjì wa níbí. Ẹ sọ pé Kubwa ni oníbàárà yín ń gbé, Zuba ló sún mọ́ ọn. Bí wọ́n bá já ẹrù náà sí Nyanya, owó táásì tó máa fi gbé e délé á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí ẹ san láti Òṣogbo.

Ẹ wo ọjọ́ pẹ̀lú. Ẹ má gbé e wá ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ má gbé e wá ní ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni búùtù máa ń láyè. Tó bá jẹ́ oṣù August tí àwọn èèyàn ń rọ́ wá síbi ọdún Ọ̀ṣun, tàbí iléyá, tàbí ìparí December, ẹ fi wíìlì yín sí ṣọ́ọ̀bù kó sinmi.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó ń rò ó: epo. Mo gbé táyà tuntun rí tí kẹ́ẹ̀gì epo pupa yí dà sí lára. A fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Rọ́bà àti epo ò bára wọn rẹ́, bẹ́ńtírò tilẹ̀ tún burú jù. Bí ẹ bá máa lo bọ́ọ̀sì, ẹ fi ọ̀rá wé wíìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá kì í sínú àpò ìrẹsì lórí ọ̀rá yẹn. Ẹ sọ fún awakọ̀ kó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ búùtù kí ojú rímù kọjú sílẹ̀ sórí páálí, kí kẹ́ẹ̀gì má sì jókòó lé e. Ẹ ya fọ́tò ẹrù nínú búùtù, kí nọ́ńbà ọkọ̀ hàn nínú rẹ̀. Ẹ ya á lójú awakọ̀.

Ará Kubwa, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ káàárọ̀ màá. Èmi ni mo máa ń gba ẹrù ní ìhà ibí. Bọ́ọ̀sì tó bá kúrò l'Óṣogbo láàárọ̀, ilẹ̀ sábà máa ń ṣú kó tó wọ Zuba. Ẹ sọ fún oníbàárà yín kó mú tọ́ọ̀ṣì dání, kó yí wíìlì kọ̀ọ̀kan nílẹ̀, kó sì ka nọ́ńbà ọjọ́ orí táyà fún yín lórí fóònù kó tó fi owó tó kù sílẹ̀. Awakọ̀ á máa kanjú, á ní èrò ń dúró. Kó má dá a lóhùn.

Ọmọ Fọkanáísà, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n awakọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ là á yé mi ìdí tí wọ́n fi sọ ẹrù mi kalẹ̀ ní Iléṣà. Láti 2023 ni mo ti ń bínú sí ọkùnrin yẹn, n kò sì bi ara mi rí pé èló ló dé ọwọ́ rẹ̀ nínú owó tí mo san.

Ará Kubwa, mo ti fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí oníbàárà mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ṣì ń fà sọ́dọ̀ àwọn tó ní ọ́fíìsì, nítorí rìsíìtì. Kílò 98 yẹn ló ń dí mi lọ́wọ́. Kò yé mi rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi.

Akẹ́rù Tẹ́lẹ̀ (Ìbàdàn), ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àǹtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Wọn ò rẹ́ yín jẹ. Téèpù ló bí kílò 98 yẹn, òṣùwọ̀n kọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sí irú káńtà bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Páálí tí wọ́n gbé wíìlì yín sí, bí mo bá wo iye tí wọ́n pè, á jẹ́ 70 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 70 ní ìbú, 25 ní gíga. 70 lọ́nà 70 lọ́nà 25, 122,500. Ẹ fi 5,000 tí wọ́n fi ń sọ àyè di kílò pín in, 24.5. Wíìlì mẹ́rin, 98. Ibi tí kọ̀ǹpútà ti rí i nìyẹn. Wọ́n á gbé ẹrù sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á tún wọn àyè tó máa gbà nínú ọkọ̀, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n máa gba owó rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù sábà máa ń kún kó tó wúwo kọjá agbára rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Táyà wà lára ọjà tí èyí ń fìyà jẹ jù. Òbìrí ni, ẹ sì gbé òbìrí sínú páálí onígun mẹ́rin. Gbogbo igun yẹn ṣófo, àárín náà ṣófo, ẹ sì ń sanwó wọn.

Táyà 215/60R16, láti etí dé etí, bí 66 sẹ̀ǹtímítà ni. Fífẹ̀ rẹ̀ á wà ní bí 22. Páálí 70 ti tóbi jù fún un. Bí ẹ bá fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rímù nìkan, tí ẹ wá fi ọ̀rá ìdìrù wé gbogbo rẹ̀ gírígírí, á wà ní 67 lórí 67 lórí 23. Bí kílò 20.6 nìyẹn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́ 83. Ní ₦950 lórí kílò kan tí wọ́n pè fún yín, ẹ ti yọ ₦14,250 kúrò láìbá ẹnikẹ́ni nájà. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba ẹrù tí kò sí nínú páálí o, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó jẹ mí lógún ju owó lọ. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, àwọn oníbàárà á gbé ọjà ₦300,000 wá, wọ́n á kọ ₦20,000 sórí ìwé kí owó adójútòfò má baà pọ̀. Bí ẹrù bá sọnù, orí ₦20,000 yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ máa dúró sí. Mo ti rí àgbàlagbà obìnrin tó sunkún níwájú mi nítorí ẹ̀, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe. Ẹ kọ iye tí ọjà yín tó. Ẹ béèrè pé èló gan-an ni wọ́n máa san bó bá sọnù, kí ẹ sì ka ẹ̀yìn rìsíìtì lójú wọn níbẹ̀.

Ẹ tún béèrè ibi tí ẹrù máa sùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba Òṣogbo lọ Àbújá tààrà. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e wá sí Ìbàdàn tàbí Èkó, wọ́n á tò ó, wọ́n á tún un gbé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ tí wọ́n sì tún gbé e ni ojú rímù lè họ.

Ará Houston, òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti Amẹ́ríkà, ó sì jọ tibí gan-an. UPS àti FedEx náà ń wọn àyè. Ínṣì àti páùn ni wọ́n ń lò, 139 ni wọ́n sábà máa ń fi pín in. Mo kàn fẹ́ kí Àǹtí ṣọ́ra díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wíwé ọ̀rá láìsí páálí. Níbí, UPS dárúkọ táyà gan-an nínú ìlànà wọn: èyí tí páálí ò bá bò tán, wọ́n máa gba àfikún owó lórí rẹ̀, nítorí kì í jókòó dáadáa lórí ẹ̀rọ tó ń to ẹrù. Èèyàn lè rò pé òun ń dín owó kù kí wọ́n wá gbà á padà lọ́nà míì. Ẹ bi wọ́n dáadáa lọ́hùn-ún kí ẹ tó sọ páálí nù.

Bàbá Mẹkáníìkì (Òkè-Baálẹ̀), àárọ̀ Ọjọ́rú

Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, àwọn ọmọ yìí sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí ẹnì kankan ò bi ọ́. Táyà orí rímù yẹn, ọdún wo ni?

Ìwọ fúnra rẹ sọ pé o máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé táyà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin sí ìgbà tí wọ́n ṣe é, kí a má wọ̀ ọ́ sọ́kọ̀ mọ́. Bí ó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, o fẹ́ sanwó kó lọ sí Àbújá, kí ọmọ yẹn wá yọ ọ́ kúrò lọ́hùn-ún ra òmíràn. Ta ni ó ṣe láǹfààní? Ìdajì ìwọ̀n ẹrù rẹ, ó tún lé díẹ̀, rọ́bà ni. Rímù ọmọ ínṣì 16 ò ju kílò mẹ́sàn-án àti díẹ̀ lọ. Fi téèpù wọ̀n ọ́n, etí dé etí, bí 44 sẹ̀ǹtímítà ni wàá rí. Fi ìyẹn wé 66 tí wọ́n ń sọ. Àbújá kò ṣàìní táyà, rímù tó mọ́ ni ọmọ yẹn ń wá tó fi bá ọ dé Òṣogbo.

Báwo ni táyà náà sì ṣe dé ọwọ́ rẹ? Táyà àlòkù wà lára ọjà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin dè. Àwọn tó ń fi fàyàwọ́ kó o wọlé máa ń ki ọ̀kan bọ inú èkejì kí ó lè gba púpọ̀. Lójú, kò sí ohun tó ṣe é. Nínú, okùn irin rẹ̀ ti tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti rọ. Lórí eré ni á ti bẹ́. Mo ti rí i, mi ò sì fẹ́ tún un rí mọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Ṣé o bi ọmọ yẹn irú ọkọ̀ tó ń wà? Àwòrán Camry àti ti Corolla jọra lójú ẹni tí kò mọ̀. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ni méjèèjì, ṣùgbọ́n 114.3 mílímítà ni òbìrí tí nọ́ọ̀tì Camry yìí tò yí ká, 100 ni ti Corolla 2003 sí 2008. Kò lè wọ̀ ọ́ láéláé. Bí rímù bá débẹ̀ tí kò wọ̀, owó àlọ, owó àbọ̀, orí ta ni yóò wà?

Ọmọ Fọkanáísà, ọ̀sán Ọjọ́rú

Bàbá, ẹ ṣeun, mo dọ̀bálẹ̀ lọ́kàn mi fún yín, bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Camry 2009 ló ń wà, mo ti rí fọ́tò ìwé ọkọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ò ní ìṣòro.

Ti táyà: 1823 ni méjì, 4018 ni méjì. Mọ́tò tí wọ́n tú palẹ̀ ni wọ́n bá wá, wọn ò ki ara wọn bọ ara wọn. Mo sọ fún un pé méjì ti dàgbà, n kò sì ṣírò owó kankan lé ìyẹn lórí. Ó ní òun á fi wọ́n rìn fún ìgbà díẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé mo fẹ́ sanwó ọkọ̀ lórí rọ́bà 2018. Ọmọ ọlọ́mọ á sì máa fi í sáré lójú ọ̀nà Kubwa.

Mo fẹ́ pè é nísinsìnyí.

Ọmọ Fọkanáísà, ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kejì

Ẹ kú ìsinmi o. Mo ní kí n padà wá sọ bó ṣe lọ, nítorí ẹ̀yin ni ẹ bá mi gbé e.

Oníbàárà mi gbà pé kí n yọ táyà kúrò. Mo dá ₦70,000 padà fún un, owó táyà 2023 méjì. Ó ní inú òun tilẹ̀ dùn, pé ọ̀dọ̀ ẹni tí òun mọ̀ ní Kubwa lòun ti fẹ́ ra tuntun.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ wọ́n. Mo fi aṣọ sábẹ́ irin ìyọtáyà kó má baà gé etí rímù. Òṣùwọ̀n bàbá onírin fi hàn pé rímù kan jẹ́ kílò 9.2. Mo to méjì sínú páálí kan, ojú kọ ojú, mo gé fóòmù ibùsùn àtijọ́ sáàárín wọn, mo fi òmíràn yí etí wọn ká. Ogún nọ́ọ̀tì wà nínú ọ̀rá kékeré, mo so ó mọ́ inú ikùn rímù pẹ̀lú ìdérí àárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n má baà máa yí kiri kí wọ́n sì ha ojú rẹ̀. Páálí méjì péré ni.

Mo ṣe ìṣirò Akẹ́rù Tẹ́lẹ̀ nílé kí n tó jáde: 46 lórí 46 lórí 44, ó fún mi ní 18.6. Nígbà tí a dé káńtà, kílò 20 ni òṣùwọ̀n wọn gbé jáde fún páálí kọ̀ọ̀kan, nítorí fóòmù àti nọ́ọ̀tì. Lọ́tẹ̀ yìí, òṣùwọ̀n ló borí téèpù. 40 ní ₦950, ₦38,000. Mo kọ ₦270,000 sórí ìwé bó ṣe yẹ, adójútòfò jẹ́ ₦2,700. Gbogbo rẹ̀ di ₦40,700, mo san ₦700 tèmi. Ẹ rántí pé ₦93,100 ni wọ́n kọ́kọ́ pè fún mi ní káńtà kan náà.

Mo bi ọmọbìnrin yẹn ibi tí ẹrù máa sùn. Ó wò mí, ó ní Ìbàdàn. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó bá mi kọ ọ́ sórí rìsíìtì, ó sì kọ ọ́.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n sọ pé ó máa gbà. Ọjọ́ kẹrin ló dé. Ní ọjọ́ kẹta, mo pè wọ́n láàárọ̀, mo pè lọ́sàn-án, mo sì dárúkọ Ìbàdàn fún wọn kí wọ́n má baà máa dá mi lóhùn pé ó wà lọ́nà. Wọ́n wá a síbẹ̀, wọ́n rí i. Oníbàárà mi ṣe fídíò nígbà tó ń tú u. Igun páálí kan ti ya, ìyókù wà bí mo ṣe dì í. Ó fi ọwọ́ nu ojú rímù kọ̀ọ̀kan nínú fídíò náà, ó kọ́kọ́ ka nọ́ọ̀tì, ogún. Mo wo fídíò yẹn tó ìgbà mẹ́fà.

Táyà 2023 méjì yẹn ti lọ, awakọ̀ Camry kan tó ń ná ọ̀nà Ọláìyá ló rà wọ́n. Méjì tó kù, mo fi ayùn gé ẹ̀gbẹ́ wọn kí ẹnikẹ́ni má baà gbé wọn sọ́kọ̀ mọ́, mo sì fún ọkùnrin tó ń gbẹ́ kànga ní àdúgbò wa.

Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ Òkèfìà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Mo ní rímù irin méjì tó ń lọ Ìlọrin lọ́sẹ̀ yìí, ₦45,000 ni méjèèjì, kò sì ní ojú dídán tó lè họ, nítorí náà n kò ní gbé e lọ sí káńtà. Mo ti wé e sínú ọ̀rá àti àpò ìrẹsì. Bí ẹ bá ń lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìdajì owó yín wà lọ́wọ́ mi, ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ ẹni tó máa gbà á ní Ìlọrin. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.